Ẹni Tó Dákẹ́, Tara Rẹ̀ Á Bá A Dákẹ́

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kan owó, ó sì kan ẹ̀mí.

Ó ti ṣojú wa rí. Ọmọ ẹgbẹ́ kan tí kì í jẹ gbèsè ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Kò wá sí ìpàdé, kò dá owó oṣù. Kíá, a kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ajẹgbèsè. A ò mọ̀ pé ìsoríkọ́ ni: kò rí oorun sùn, oúnjẹ kò wù ú, ọjà tó fẹ́ràn sì ti sú u. Oògùn ọsibítù mú un gbádùn. A yọ̀, a padà sẹ́nu iṣẹ́ wa, kò sẹ́ni tó tún bi í léèrè. Kò pé ọdún tí àìsàn náà fi tún dé.

Ṣé àtúndé yìí yẹ kó yà wá lẹ́nu? Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní 2005 ṣọ́ àwọn tí ara wọn ti yá fún ọdún kan. Nínú àwọn tó fi oògùn gbádùn, tí wọ́n wá dá a dúró, bí 76 nínú 100 ni àìsàn náà padà sí lára. Nínú àwọn tí onímọ̀ jókòó tì, tí wọ́n jọ tú ọ̀rọ̀ ọkàn wọn wò, bí 31 ni. Àwọn tí kò dá oògùn dúró jẹ́ bí 47. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da oògùn nù láìbi dókítà.

Ìtọ́jú láàárín ènìyàn kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn sí àwọn abúlé tó yí Àrò ká ní Abẹ́òkúta, tòun ti ẹbí wọn. Ní Zimbabwe, láti 2006, àwọn ìyá àgbà tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ náà ń jókòó ti aláìsàn lórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti kọlu Igangan wa ní oṣù Kẹfà 2021, kì í ṣe gbogbo ọgbẹ́ ni ojú ń rí.

Èrò wa rèé. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá pa ìpàdé 2 jẹ, kí ẹni 2 kọ́kọ́ lọ kí i, kí akọ̀wé tó kọ ìwé gbèsè sí i. Bí ó bá jẹ́ ìsoríkọ́, kí a sìn ín dé ọ̀dọ̀ onímọ̀. Bí ara rẹ̀ bá sì yá, ẹ jọ̀wọ́, kí a má ṣíwọ́ àbẹ̀wò.

Owó tó padà wọlé dára. Ọmọ ẹgbẹ́ tó padà wá sí ìpàdé dára jù ú lọ.