Ọ̀gá Pọ̀ Lórí Odò Ọ̀ṣun, Ṣùgbọ́n Ta Ni Alágbàtọ́ Rẹ̀?

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi bá ìjọba àti gbogbo ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ wá lọ́kàn ní àdúgbò wa, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí odò tí wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ wa lórúkọ nígbà tí wọ́n yọ wá kúrò lára Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991. Yèyé ni à ń pe odò yìí. Àwọn àgbà sì wí pé ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún 2018 ni gbogbo ayé ti ń kígbe pé omi Yèyé ti pọ́n rúsúrúsú bí omi amọ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kò mọ ibẹ̀, Ìgèdè ní ilẹ̀ Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ wá. Ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Òṣogbo, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ títí ó fi wọ inú ọ̀sà ní agbègbè Ẹpẹ́. Lójú ọ̀nà rẹ̀ ni adágún omi Aṣèjìrè wà, níbi tí wọ́n ti ń fa omi fún ìlú Ìbàdàn. Nítorí náà, kí ẹni tó ń mu omi ẹ̀rọ n'Ìbàdàn má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Òṣogbo nìkan lèyí.

Kí ló wá da odò rú? Wúrà ni. Láti ayé àwọn Òyìnbó ni wọ́n ti ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní agbègbè bí Ìtagunmódì, Ìgún àti Ìpérindó. Erùpẹ̀ tí wọ́n bá wà, omi ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ kí wúrà tó yọ. Bí ẹni tó ń fọ̀ ọ́ kò bá gbẹ́ kòtò tí ẹrẹ̀ yóò ti rọlẹ̀, inú odò kékeré ni gbogbo rẹ̀ ń ṣàn lọ, odò kékeré a sì kó o fún Ọ̀ṣun. Ẹrẹ̀ yìí kì í jẹ́ kí oòrùn wọ inú omi, ó sì ń bo ẹyin ẹja mọ́lẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé àwọn awakùsà kékeré ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé a máa fi mákúrì kó wúrà jọ, májèlé sì ni mákúrì. Lọ́dún 2022, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí ènìyàn má mu omi náà. Ẹ gbọ́ o! Omi tí àwọn àgàn ti ń mu kí wọ́n lè rí ọmọ bí, òun ni wọ́n ní kí a má mu mọ́.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Òṣogbo yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ omi lásán lọ. Láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ti wá omi wá, tí wọ́n fi tẹ̀dó sẹ́bàá odò. Ìtàn sọ pé nígbà tí ọba rúbọ sí Ọ̀ṣun, ẹja ńlá kan fò jáde, ọba sì tẹ́wọ́ gbà á. Ibẹ̀ ni oyè Àtáọ́ja ti wá, ìyẹn ni A-tẹ́wọ́-gba-ẹja. Bí ẹja bá tán nínú odò, kí ni oyè náà yóò máa sọ fún àwọn ọmọ wa? Ẹ sì kíyè sí i pé ọmọ ìyá ni àwa àti àwọn Ìjẹ̀ṣà. Ẹni tó ń da odò rú lókè àti ẹni tó ń bu ú mu nísàlẹ̀, orísun kan náà ni wọ́n ní.

Ní ọdún 1965 ni ìjọba kọ́kọ́ fi òfin dáàbò bo igbó Ọ̀ṣun. Adùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ tún un ṣe kó tó papòdà ní 2009. Ní 2005, UNESCO kọ igbó náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Nínú igbó ọ̀hún, a kì í pẹja, a kì í gégi. Ṣùgbọ́n ọgbà tí a fi yí igbó ká kò lè dá omi tó ń bọ̀ látòkè dúró.

Ta ni kí a wá ké sí? Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 fi ohun àlùmọ́ọ́nì sábẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Àbújá ni wọ́n ti ń fún ni ní ìwé àṣẹ ìwakùsà. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Igbó Ọ̀ṣun wà lọ́wọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Àjọ tó ń bójú tó odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, Abẹ́òkúta ni olú iléeṣẹ́ tirẹ̀ wà. A ní ìjọba ìbílẹ̀ 30 ní ìpínlẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n wolé-wolé tó lè mú ìyá aláta tí gọ́tà iwájú ilé rẹ̀ dọ̀tí, kò lágbára láti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ awakùsà. Bí a bá ké sí èyí, a ní ká lọ bá tọ̀hún. Odò wa wá dà bí ewúrẹ́ tí olówó rẹ̀ pọ̀, tí ebi ń pa kú lórí ìso.

Ẹ jẹ́ ká wo ibòmíràn. Ní ilẹ̀ Kòríà ti Gúúsù, erékùṣù kan wà tó ń jẹ́ Jeju. Lára ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti yọ òun náà ní 1946, kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní títóbi. Òkúta tí iná abẹ́ ilẹ̀ pọ̀ jáde ló kún ibẹ̀, òjò tó bá rọ̀, ilẹ̀ ni ó ń wọ̀ lọ, omi abẹ́ ilẹ̀ yìí ni wọ́n sì ń mu. Ní 2006, ìjọba Kòríà fún Jeju ní àṣẹ àkànṣe láti máa ṣàkóso ara rẹ̀. Òfin wọn wí pé ti gbogbo ènìyàn ni omi abẹ́ ilẹ̀, gómìnà ni alágbàtọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ láìgbàṣẹ. Láti 1998 ni iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ náà ti ń rọ omi yìí sínú ike tà. Àwọn náà ní ohun tí UNESCO kọ sílẹ̀: òkè wọn ní 2007, àti iṣẹ́ àwọn obìnrin wọn tó ń mòòkùn wá oúnjẹ nínú òkun, ní 2016. Èmi ò sọ pé Jeju kò ní wàhálà tirẹ̀ o. Ohun tí mo ń wí ni pé bí omi wọn bá bàjẹ́, wọ́n mọ ilẹ̀kùn ẹni tí wọn yóò kàn.

Àwọn kan yóò sọ pé wúrà ń bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òótọ́ ni, ẹni tí ebi ń pa kò ní gbọ́ ìwàásù. N kò ní kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣebí a lè wa wúrà ká sì gbẹ́ kòtò tí ẹrẹ̀ yóò ti rọlẹ̀? Ṣebí a lè pààlà sí etí odò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ erùpẹ̀ kọjá ibẹ̀?

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Kí ìjọba àpapọ̀ àti gbogbo ìpínlẹ̀ tí Ọ̀ṣun gbà kọjá jókòó pọ̀, kí wọ́n fi odò náà sábẹ́ ọ́fíìsì kan ṣoṣo, tí yóò ní àṣẹ láti dá ẹnikẹ́ni dúró, kí ọ́fíìsì náà sì wà ní Òṣogbo tàbí Iléṣà. Kí wọ́n máa yẹ omi wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n sì ka èsì rẹ̀ lórí rédíò ní èdè Yorùbá kí ìyá ẹlẹ́kọ pàápàá lè gbọ́. Kí Ọwá Iléṣà àti Àtáọ́ja pe àwọn ọmọ wọn jọ, kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá. Kí àwa náà tí a wà létí odò jáwọ́ nínú dída ìdọ̀tí sínú rẹ̀, nítorí ẹni tó fẹ́ bá aládùúgbò rẹ̀ wí gbọ́dọ̀ gbá iwájú ilé tirẹ̀.

Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹjọ, àlejò ń tọ̀kèèrè wá kí Ọ̀ṣun. Kí ìjọba jẹ́ kí wọ́n máa rí omi tó mọ́ gaara bá a.

Èmi ni,
Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
Òṣogbo.