Ẹni Tí Ó Wà Níbẹ̀, Ẹ Jẹ́ Kí Á Fi Í Sílẹ̀ Níbẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí wa, wọ́n sì bẹ̀ wá kí á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí. Fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n ṣí afárá ìlú wọn ni. Ènìyàn méje ni ó dúró lórí afárá náà, olúkúlùkù nínú agbádá, inú gbogbo wọn sì dùn. Lẹ́tà tí ó bá fọ́tò náà wá sọ pé ẹni kẹta láti ọwọ́ ọ̀tún ti fi ẹgbẹ́ wa sílẹ̀, ó sì ti bá àwọn alátakò wa lọ. Nítorí náà, kí á fi kọ̀ǹpútà yọ ọ́ kúrò, kí á fi odò àti igi dí ipò rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé ó dé ibẹ̀ rí. Akọ̀wé wọn fi kún un pé iṣẹ́ náà kò lè gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Òtítọ́ ni ti ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣùgbọ́n a kò ṣe é. Ènìyàn méje ni ó dúró lórí afárá, ènìyàn méje náà ni a ó tẹ̀ jáde. Ó yẹ kí á sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, kí á sì sọ ọ́ fún ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí pẹ̀lú, nítorí ọwọ́ tí ó lè yọ ènìyàn kúrò lórí afárá lè yọ pèrègún kúrò ní ààlà oko.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a kórìíra títún fọ́tò ṣe. Iṣẹ́ àtijọ́ ni. Kí kọ̀ǹpútà tó dé, àwọn onífọ́tò a máa fi pẹ́ńsùlù ẹlẹ́nu ṣóńṣó kun ojú nẹ́gátíìfù: ibi tí àpá tàbí ìhunjọ ojú bá wà, wọn a fi dúdú pẹ́ńsùlù dí i, kí ìmọ́lẹ̀ má baà gba ibẹ̀ kọjá púpọ̀, ojú oníbàárà a sì jáde ní dídán lórí bébà. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, ní àwọn ọdún 1970, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, onífọ́tò a ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀méjì, a sì tẹ àwòrán méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀. Irú èyí kì í ṣe irọ́, nítorí gbogbo ilé ni ó mọ ohun tí a ṣe àti ìdí tí a fi ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàwó tí ó ní kí á yọ garawa omi tí ó wà lẹ́yìn òun kúrò nínú fọ́tò ìgbéyàwó kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Fọ́tò ilé ni tiwọn. Ọ̀rọ̀ tiwa dá lórí fọ́tò ìlú, èyí tí a fi ń jẹ́rìí.

Ohun tí ó yí padà ni pé iṣẹ́ tí ó ń gba ọ̀gá onífọ́tò ní ọ̀pọ̀ wákàtí ti di iṣẹ́ ọmọdé. Ní ọdún 1990 ni Photoshop dé ọjà, ètò kọ̀ǹpútà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ará Amẹ́ríkà, Thomas Knoll àti John Knoll, dá sílẹ̀. Ọ̀nà tí ó ń gbà pa nǹkan rẹ́ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Bí aṣọ bá ya, aránṣọ a wá èérún aṣọ kan náà, a fi lẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ètò yìí ń ṣe: ó ń bu koríko tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn, ó ń fi í bo ènìyàn náà mọ́lẹ̀, títí koríko nìkan yóò fi kù. Nígbà tí ó di ọdún 2010, ètò náà fúnra rẹ̀ ti ń yan ohun tí yóò fi dí àlàfo. Ní ọdún 2021, Google fi irú rẹ̀ sínú fóònù, tí ó fi jẹ́ pé kí ènìyàn ṣáà fi ìka yí nǹkan po, nǹkan náà a sì pòórá.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níhìn-ín. Ètò náà kì í ṣí ènìyàn kúrò kí á lè rí ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àbá ni ó ń dá. Koríko tí ẹ rí níbẹ̀ kò hù níbẹ̀ rí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní òun kàn yọ nǹkan kúrò nínú fọ́tò ni, ó ti fi nǹkan mìíràn sí i, kò sì sọ fún wa.

Àwọn aninilára ti mọ ìwúlò rẹ̀ tipẹ́. Ní Rọ́ṣíà, Nikolai Yezhov ni olórí ọlọ́pàá inú nígbà tí Stalin ń pa àwọn ènìyàn rẹ̀ nípakúpa ní 1937 àti 1938. Wọ́n ya fọ́tò òun àti Stalin létí odò tí wọ́n gbẹ́ láti Moscow lọ bá odò Volga. Nígbà tí Stalin kọ̀ ọ́ lẹ́yìn, wọ́n mú un, wọ́n sì pa á ní ọdún 1940. Nígbà tí fọ́tò náà tún jáde, omi ni ó wà níbi tí Yezhov dúró sí. A kò sunkún Yezhov, nítorí ọwọ́ òun náà kún fún ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí omi yẹn bò mọ́lẹ̀. Ó bo ìbéèrè tí ó yẹ kí àwọn ará Rọ́ṣíà bi Stalin: ta ni ó fi ọkùnrin yìí sí ipò, ta ni ó sì rán an níṣẹ́?

Nítorí irú èyí ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn ńlá ṣe fi òfin de ọ̀rọ̀ yìí. Narciso Contreras, onífọ́tò ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò, wà lára àwọn tí iṣẹ́ wọn nínú ogun Síríà mú kí Associated Press gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 2013. Nínú fọ́tò jagunjagun kan tí ó yà ní ọdún náà, ó fi kọ̀ǹpútà yọ kámẹ́rà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí ó wà ní igun fọ́tò. Ọ̀ràn kékeré ni lójú ẹni tí kò rò ó jinlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó jẹ́wọ́, ilé-iṣẹ́ náà sì já a sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2014. Wọ́n yẹ fọ́tò rẹ̀ bí 500 wò, wọn kò rí òmíràn tí ó fọwọ́ kàn, síbẹ̀ ìdájọ́ wọn kò yí.

Ṣùgbọ́n òfin nípa kọ̀ǹpútà nìkan kò tó. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ kan náà ya fọ́tò àwọn ọ̀dọ́bìnrin márùn-ún tí wọ́n ń ké pé kí á dáàbò bo ojú ọjọ́ ayé, ní Davos ní ilẹ̀ Switzerland. Mẹ́rin jẹ́ òyìnbó, Greta Thunberg sì wà lára wọn. Ẹnì karùn-ún ni Vanessa Nakate, ọmọ ilẹ̀ Ùgáńdà. Nínú fọ́tò tí ó kọ́kọ́ jáde, àwọn òyìnbó mẹ́rin nìkan ni a rí. Nakate dúró ní ìpẹ̀kun, wọ́n sì gé e dànù. Wọ́n ní ilé tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí fọ́tò náà dára. Ẹnikẹ́ni kò fi koríko bò ó. Etí fọ́tò ni wọ́n gé, èyí tí àwọn oníròyìn máa ń ṣe lójoojúmọ́. Nakate sọ fún ayé pé kì í ṣe fọ́tò lásán ni wọ́n pa rẹ́, odidi ilẹ̀ Áfíríkà ni. Ilé-iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, wọ́n sì gbé fọ́tò tí ó pé jáde. Àwa adúláwọ̀ tí ọ̀rọ̀ yẹn dùn wọra, ojú wo ni a ó fi gé ọmọ ìyá wa kúrò nínú fọ́tò tiwa?

Àwọn kan yóò ní, “Ọ̀dàlẹ̀ ni ọkùnrin yẹn, kí ni a fẹ́ fi ojú rẹ̀ ṣe nínú ìwé ìròyìn wa?” A gbọ́. Bí ó bá ṣẹ ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí á kọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba, kí á fi orúkọ wa sí i, kí òun náà sì fèsì. Ìjà ọmọlúwàbí nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí wọ́n ru yanrìn afárá náà rí i ní ọjọ́ yẹn. Bí wọ́n bá ṣí ìwé ìròyìn wa tí wọn kò rí i níbẹ̀, àwa ni wọn yóò fura sí. Lọ́la, bí a bá sọ iye owó tí afárá náà gbà, tàbí iye tí wọ́n ń ra kòkó, wọn yóò ní, “Ṣebí àwọn tí wọ́n yọ ènìyàn kúrò lórí afárá náà ni?” Àti pé àwa fúnra wa ni a dìbò yan ọkùnrin náà. Bí a bá pa ojú rẹ̀ rẹ́, a ti pa ẹ̀kọ́ rẹ́ tí ó yẹ kí á kọ́ nípa irú ẹni tí à ń yàn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti àwọn olóṣèlú nìkan. Fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú yín fi ń ya ààlà oko nísinsìnyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ ilẹ̀ yín lè yọ pèrègún tàbí ahéré baba yín kúrò nínú fọ́tò kí ẹ̀bà tó tutù. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ya ààlà, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ni oko ìhà kejì dúró nínú rẹ̀. Ẹ yà á láti ìhà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí ó ṣòro kí irọ́ bá ara rẹ̀ mu ní ìhà mẹ́rin. Ẹ tọ́jú ojúlówó rẹ̀, ẹ̀dà ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé fọ́tò síwájú yín, ẹ béèrè ojúlówó tirẹ̀. Ẹ wo òjìji, bóyá ọ̀kan wà tí ẹ kò rí ẹni tí ó ni ín. Ẹ wo ewé àti koríko, bóyá ibì kan jọ ibòmíràn bí ìbejì. Ṣùgbọ́n àwọn ètò tuntun kì í sábà fi irú àpá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ wá ẹni tí ó wà níbẹ̀, kí ẹ bi í.

Ní ti ìwé ìròyìn yìí, òfin wa kò gùn. A lè mú kí fọ́tò tí ó ṣókùnkùn mọ́lẹ̀ sí i. A lè gé etí rẹ̀ kí ó lè wọ ààyè tí a ní, ṣùgbọ́n a kò ní gé ènìyàn kúrò nínú ẹgbẹ́ tí ó bá dúró. A kò sì ní yọ ohunkóhun tí kámẹ́rà rí. Bí a bá rú òfin yìí, ẹ kọ̀wé bá wa wí, a ó sì tẹ lẹ́tà yín jáde. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, a kò sì fẹ́ kí ó bá a nínú ilé wa.

Fọ́tò afárá náà wà nínú ìwé ìròyìn ti ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ ó rí ọkùnrin náà ní ipò rẹ̀, ẹni kẹta láti ọwọ́ ọ̀tún, orúkọ rẹ̀ sì wà lábẹ́ fọ́tò bí ti àwọn yòókù. A kò fara mọ́ ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn, òun pẹ̀lú wa ni a jọ ṣí afárá.