Kí Ni Óòmù Ń Ṣe Lára Ámpílífáyà Ọkọ̀?

Ọ̀pọ̀ ámpílífáyà ọkọ̀ tó ń jóná ní Kàdúná, óòmù ni a kò wò. Óòmù ni òṣùwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó. Bí iye rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni iná tí yóò fà ṣe ń pọ̀ tó. Ibẹ̀ ni a ti máa ń ṣìnà, nítorí a lérò pé iye kékeré ni ẹrù kékeré.

Ẹni tó ra súbúwúfà méjì olóòmù 4 ní ọjà Panteka, tó so pósítíìfù mọ́ pósítíìfù, nẹ́gátíìfù mọ́ nẹ́gátíìfù, óòmù 2 ni ámpílífáyà rẹ̀ yóò rí. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ dín sí 4, yóò gbóná títí yóò fi kú, owó ilé sì ti ṣòfò. (Ooru oṣù Ẹrẹ́nà nínú búùtù kò ní ràn án lọ́wọ́.)

Bí a bá so wọ́n tẹ̀lé ara wọn, pósítíìfù èkejì mọ́ nẹ́gátíìfù èkínní, óòmù 8 ni. Ohùn yóò rẹlẹ̀ díẹ̀, ewu yóò sì kúrò. Lójú tèmi, súbúwúfà kan ṣoṣo olóòmù 4 ló tọ́ sí irú ámpílífáyà bẹ́ẹ̀.

Bí mítà bá fi 3.4 hàn, ẹ má bá ẹni tó tà á jà. Ìdènà wáyà inú rẹ̀ nìkan ni mítà ń wọ̀n; nígbà tí ohùn bá ń kọjá, ìdènà náà a máa lọ sókè sódò.