Pẹpẹ, Kèrègbè àti Ẹni Tó Wà Nílé

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ìdánwò ìrántí tó gbajúmọ̀ ni pé kí àgbàlagbà sọ déètì òní, kí ó pe lẹ́tà ọ̀rọ̀ kan láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, kí ó wo àwòrán kan, kí ó sì yà á. Ẹ gbé ìdánwò yìí dé Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, síwájú ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún tí kò jókòó nínú kíláàsì rí, ṣùgbọ́n tó mọ oríkì agboolé rẹ̀ látòkè délẹ̀, tó sì mọ gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè aṣọ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyá yóò fìdí rẹmi. Ìwé yóò sọ pé ó ti ń ṣarán.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà ẹbí la ti máa ń gbọ́ òwe yìí jù, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí àbúrò tẹríba, kí ẹ̀gbọ́n sì rọ ohùn. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́tí sí i dáadáa, òwe náà kò yin ẹnikẹ́ni. Ohun tí apá kò ká ló kọ́kọ́ kà sílẹ̀: kò tó, kò wọ. Ọ̀rọ̀ ogbó gan-an nílò irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ìmọ̀ kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ̀ tó o tán.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, onímọ̀ àìsàn ọpọlọ àti iṣan ní Yunifásítì Ìbàdàn, mọ èyí. Hugh Hendrie, dókítà ìlera ọpọlọ ní Yunifásítì Indiana, náà mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1992, ìwádìí wọn bẹ̀rẹ̀ ní ìlú méjì: láàárín àwọn àgbà Yorùbá tó ti pé ọdún 65 ní Ìdíkàn, àti láàárín ẹgbẹ́ wọn, àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ní Indianapolis, tí ọ̀pọ̀ baba ńlá wọn ti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà lọ. Ọ̀ṣuntókun kú lọ́dún 1995. Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn yòókù kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró.

Àárín àwọn Cree, ọmọ onílẹ̀ ní Kánádà, ni Hendrie àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ lo irú ìbéèrè tí wọ́n gbé wá, kí ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kà lè jọ dáhùn rẹ̀. Kò sọ ti lẹ́tà. Kí ni wọ́n ń fi òòlù ṣe? Kí ni afárá? Ẹ nawọ́ sí fèrèsé, lẹ́yìn náà kí ẹ nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ dókítà nìkan kọ́ ni láti gbé irú èyí wọ inú Yorùbá. Ó fẹ́ ẹni tó mọ bí a ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀ tí kò ní dà bí ẹni pé à ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ni yóò bi ìyá àgbà pé kí ni wọ́n ń fi òòlù ṣe, tí kò ní kọ́kọ́ tọrọ gáfárà?

Ọjọ́ orí pàápàá jẹ́ kèrègbè ẹlẹ́nu tóóró. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà yẹn ni kò ní ìwé ìbí, ìtàn ìlú ni a fi ń mọ ọdún wọn. Ìyá tí wọ́n ṣì ń pọ̀n lásìkò lúkúlúkú, àjàkálẹ̀ àrùn 1918, ti lé ní àádọ́rin nígbà tí 1992 fi dé. Níbi tí ọwọ́ onímọ̀ ìṣirò kò wọ̀, òpìtàn ló ń bá a mú un.

Apá kejì ìbéèrè náà kò tilẹ̀ kan àgbà fúnra rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa ni wọ́n ń bi: ṣé ìrántí rẹ̀ ti yí padà? Ṣé ó máa ń ṣìnà ládùúgbò? Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní, "Ṣé Màmá ṣì ń dáná?", ìdẹkùn wà níbẹ̀, nítorí ìyàwó ilé wo ni yóò jókòó kí ìyá ọkọ máa gúnyán? Àìdáná ìyá lè jẹ́ àìsàn. Ó sì lè jẹ́ ọlá. Ìyàwó ilé ló mọ èyí tó jẹ́.

Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2001 ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Àgbà Yorùbá 2,459 àti aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà 2,147 tí àìsàn ìgbàgbé kò tíì mú ni wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn fún bí ọdún márùn-ún. N'Ìbàdàn, àwọn tí àìsàn náà ń mú lọ́dọọdún jẹ́ 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Indianapolis, 3.24. Àwọn onímọ̀ àbùdá wo APOE ε4, jíìnì tí wọ́n mọ̀ mọ́ àìsàn Alzheimer. Ó wà lára àwọn méjèèjì ní ìwọ̀n tó sún mọ́ra, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tó nǹkan lára àwọn ará Ìbàdàn. Ojú wá yí sí oúnjẹ, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Ohun tí wọ́n wá lọ sínú ẹ̀jẹ̀, ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú rẹ̀ wà nínú ìkòkò ọbẹ̀.

Ìyẹn kò ní kí ara tu àgbà ilé wa tán. Láti 2003 sí 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá àgbà 2,152 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí èdè Yorùbá ti gbilẹ̀, láti Èkó títí dé Kogí. Láàárín ọdún kan péré, 7.1 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ti ní ìsoríkọ́ tó le. Nígbà tí wọ́n padà lọ wò wọ́n, àwọn obìnrin ló ń kó sínú rẹ̀ jù, pàápàá àwọn tó ń gbé ìgbèríko àti àwọn tí kò ní ẹni tó ń yà kí wọn. Kò sí ẹ̀rọ ayẹ̀jẹ̀wò tó ń ka iye ẹni tó kan ilẹ̀kùn ìyá láti àná.

Owó ńkọ́? Ẹni tó ti ń ta ata lọ́jà fún ogójì ọdún kò sí nínú ètò ìfẹ̀yìntì 2004, tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn tó ń gba owó oṣù. Ó di 2019 kí èyí tó wà fún oníṣòwò kéékèèké àti oníṣẹ́ ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Èkìtì ti gbìyànjú tirẹ̀ ní 2011, nígbà tó ń fún àwọn àgbà aláìní ní 5,000 náírà lóṣù.

Lọ́dún 2012, ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn ṣí ibùdó ìtọ́jú àgbàlagbà tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè, kí oríṣiríṣi olùtọ́jú lè wà lójú kan. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Bàbá tó wá nítorí pé ó ṣubú, ojú rẹ̀ lè máa ṣe bàìbàì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè máa fi òòyì kọ́ ọ, ilẹ̀ balùwẹ̀ rẹ̀ sì lè máa yọ̀. Bí dókítà egungun nìkan ló bá rí i, yóò to egungun náà, bàbá yóò sì tún ṣubú.

Ìwádìí Ìdíkàn gbára lé ẹni tó sún mọ́ àgbà. Lónìí, àkọ́bí lè wà ní Houston, èyí tó tẹ̀ lé e ní London, àbíkẹ́yìn ní Lẹ́kí. Owó ń wọlé déédéé. Ìyá ń wé gèlè kí wọ́n tó pè é lórí WhatsApp; ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wúre, ó ń pe orúkọ gbogbo wọn láìṣì. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí ohun tó ṣe é. Ẹni tó mọ̀ pé ìyá fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yẹn ni ọmọ ọ̀dọ̀ tó dé lóṣù tó kọjá, kò sì sí ẹni tó bi í.