Ta Ni Ẹ Kọ Ìjábọ̀ Yìí Fún?

Ìjábọ̀ náà wúwo lọ́wọ́. Ojú ìwé 47, wọ́n fi wáyà di ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá tó ń dán bo èpo rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ọ́, ọmọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì nílé ẹ̀kọ́ gíga kan tí n kò ní dárúkọ. Oṣù mẹ́rin ló fi lọ I.T. níbi tí wọ́n ti ń yẹ omi àti oúnjẹ wò. Ó ní kí n bá òun wo òyìnbó inú rẹ̀ kóun tó lọ fi sílẹ̀. Mo wo òyìnbó, òyìnbó dáa. Ohun tí mo ń wá ni mi ò rí.

Ojú ìwé kìíní dé ìkẹrin ń sọ ìtàn bí wọ́n ṣe dá ètò SIWES sílẹ̀ lọ́dún 1973. Ìtàn ilé iṣẹ́ tẹ̀lé e. Àwòrán tó ń fi hàn pé ta ni ọ̀gá ta ni tẹ̀lé ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, títí kan fíríìjì. Mo ṣí i dé ojú ìwé 31 kí n tó bá omi pàdé. Ó ti gba omi nínú kànga mẹ́ta ládùúgbò wa n'Ìfọ́n, ó yẹ̀ wọ́n wò, ó sì bá kòkòrò E. coli nínú ọ̀kan. Ìlà kan péré ló fi sọ ọ́: pé iye rẹ̀ “exceeded the permissible limit.” Ìlà tó tẹ̀lé e ń ráhùn pé iná ìjọba kì í dúró.

Kànga ta ni? Kànga ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níkòríta wa ni. Mo bi ọmọ náà pé, “Ṣé o ti sọ fún Màmá?”

“Mo ti sọ fún wọn, Àǹkù.”

“Kí lo sọ?”

“Mo ní omi wọn ti exceed permissible limit.”

“Kí ni wọ́n wá wí?”

“Wọ́n ní mo ṣeun. Wọ́n ní Ọlọ́run á jẹ́ kí n jáde láyọ̀. Wọ́n tún fún mi lẹ́kọ.”

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu mi. Gbogbo ìgbà tí ìjábọ̀ yẹn fi wà lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ wa, Màmá ń fa omi kànga yẹn, wọ́n ń bù ú sí jọ́ọ̀gì, àwọn oníbàárà ń jẹ̀kọ tán, wọ́n ń mu ún. Àwọn ọmọ iléèwé ló pọ̀ jù nínú wọn.

Mi ò bá ọmọ náà jà. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe. Àwọn tó kọ́ ọ ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ, èmi náà sì ti jókòó nínú kíláàsì bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì tó ń gboyè ní Nàìjíríà tí kò gba iṣẹ́ Use of English kọjá, tàbí GST 111 tó rọ́pò rẹ̀. A ń kọ́ wọn ní ìró èdè, a ń kọ́ wọn ní ìsọ̀rí ọ̀rọ̀, a ń kọ́ wọn níbi tí àdírẹ́sì ń gbé nínú lẹ́tà. Gbogbo rẹ̀ wúlò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mi ò tíì bá pàdé nínú ìwé ìdánwò wọn: ta ni yóò ka ohun tí o kọ yìí, kí sì ni ẹni náà yóò ṣe nígbà tó bá kà á tán? Nígbà tí kò sẹ́ni tó bi wọ́n, ìjábọ̀ ẹ̀gbọ́n tó ṣáájú ni wọ́n ń tún kọ. Wọ́n á yọ orúkọ kan kúrò, wọ́n á fi tiwọn sí i. Olùkọ́ á wo bó ṣe nípọn, á fi máàkì sí i, ó di orí pẹpẹ, ó di oúnjẹ ikán.

Bẹ́ẹ̀, a ti ṣe é dáadáa rí nílẹ̀ yìí. Lọ́dún 1985 ni Olikoye Ransome-Kuti di mínísítà ìlera, ìgbẹ́ gbuuru sì ń pa ọmọdé nígbà náà. Ohun tí sáyẹ́ǹsì fọwọ́ sí láti fi dá omi padà sára ọmọ kò ju omi, iyọ̀ àti ṣúgà lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé, torí iyọ̀ tó bá pọ̀ jù lè ṣe ọmọ léṣe. Ká ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ọ́ ni, ì bá kọ mìlílítà àti gíráàmù sílẹ̀, kó lọ sùn. Àwọn tó ṣètò náà ro ohun tó wà nílé ìyá ọmọ. Ìgò bíà wà ńbẹ̀. Ìgò mínírà wà ńbẹ̀. Ṣíbí wà ńbẹ̀. Ìgò bíà kan tàbí ìgò mínírà méjì ni wọ́n ní kí ìyá fi wọn omi, kó fi ṣíbí wọn iyọ̀ àti ṣúgà, kó sì rẹ́ orí ṣíbí náà kó tẹ́jú, kó má ga bí òkìtì. (Lónìí, ti inú ọ̀rá tí wọ́n ń fúnni ní ilé ìwòsàn ló dáa jù, ẹ má lọ fọwọ́ wọ́n ọn o.) Ẹ wo ọ̀rọ̀ pé kí a rẹ́ orí ṣíbí yẹn. Nínú gbogbo ojú ìwé 47 ọmọ wa, kò sí gbólóhùn kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Tí sáyẹ́ǹsì ò bá sì lè sọ̀rọ̀, irọ́ á bá a sọ ọ́. Ẹ rántí ọdún 2014. Oṣù Keje ni Ebola wọ Èkó. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti ń ti fóònù bọ́ sí fóònù pé kí gbogbo èèyàn fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Ta ni ò jí lóru ọjọ́ yẹn? Àwọn kan mu ún débi tí wọ́n dèrò ilé ìwòsàn, ìròyìn sì sọ pé ó pààyàn. Èèyàn 20 ni Ebola kọlù ní Nàìjíríà, 8 kú, àwọn oníṣègùn wa sì ṣẹ́gun rẹ̀ lóṣù Kẹwàá. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ oníyọ̀ yẹn, òpùrọ́ tó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ju àwọn tó lóye àrùn náà lọ.

Mo mọ ohun tí wọn yóò fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ tó tó fún sáyẹ́ǹsì. Lọ́dún 1970, Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà ò gbẹ́yìn, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìjọba gbà bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2022 pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ní àwọn ti fagi lé e. Ẹ jẹ́ ká fi tiwọn sílẹ̀ fún wọn.

Wọ́n tún á ní ọmọ náà fẹ́ ríṣẹ́, ó fẹ́ lọ òkè òkun. Kó lọ! Kó kọ òyìnbó rẹ̀ kó dán. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni mo ń bèèrè fún: kí akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì kankan má ṣe fi ìjábọ̀ sílẹ̀ láìsí ojú ìwé kan ní èdè ẹni tó ni omi, ẹni tó ni oko, ẹni tó ni ara tí wọ́n yẹ̀ wò. Kó sì lọ kà á fún onítọ̀hún, kí onítọ̀hún bi í ní ìbéèrè. Máàkì ibẹ̀ ni kó pọ̀ jù.

A gbìyànjú ẹ̀ wò. Mo ní kí ọmọ náà ká lọ. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ lẹ́bàá àdògán, ó ní, “Màmá, ìgbẹ́ ló ń wọ inú omi yín. Bóyá ti èèyàn ni, bóyá ti ẹran. Nínú ìwọ̀n omi tó kún ife tín-ín-rín kan, a ò gbọ́dọ̀ rí ẹyọ kan nínú kòkòrò tí mo rí yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sè é kó hó dáadáa kẹ́ ẹ tó fún ẹnikẹ́ni mu.”

Màmá ju ìpọnkọ sílẹ̀. “Ìgbẹ́? Kí ló dé tó ò wí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́sí?” Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í. Ṣáláńgá tiwọn ni àbí ti ilé kejì? Ṣé tí òjò bá dá á máa dínkù? Tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ jìn sí i ńkọ́? Àbí ti àwọn ará òkè lọ́hùn-ún ló ń ṣàn bọ̀, torí omi abẹ́ ilẹ̀ kò kúkú mọ ààlà Ìfọ́n àti Ìlobùú.

Ọmọ náà ń wò mí. Kò wọn bí ṣáláńgá ṣe jìnnà sí kànga. Kò sẹ́ni tó ní kó wọ̀n ọ́n. Kò sí orí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìyẹn nínú ìjábọ̀ àwọn tó ṣáájú ẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó yá téèpù lọ́wọ́ bíríkìlà, ó padà lọ. Mítà 30 ni wọ́n sábà máa ń ní kó wà láàárín wọn. Mítà 11 ló bá. Ó pè mí lórí fóònù látibẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi í sínú ìjábọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi wáyà dì í.