Ahọ́n Ọmọ Wa: Ilé Ni Kí A Ti Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tí ó bá gba Òkè Bọ́lá kọjá ní òwúrọ̀, nígbà tí àwọn òbí ń mú ọmọ wọn lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, yóò gbọ́ ohun tí ó ń kọ wá lóminú. Ìyá tí a bí ní Ìbàdàn, tí ó ń fi ògidì Yorùbá ná ọjà ní Ọjà'ba, bí ó bá kọjú sí ọmọ ọdún méjì tí ó fà lọ́wọ́, Gẹ̀ẹ́sì àbùlà ni yóò fi bá a wí: wá, jókòó, dákẹ́, jẹun, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé Yorùbá ni yóò dí ọmọ náà lọ́wọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ni. Àwa ń wí i gbangba pé irọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ kì í ṣàdéédé bọ́ sí ọmọ lẹ́nu. Láti inú oyún ni ó ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó bá tó bí ọmọ ọdún kan, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ a jáde. Nígbà tí ó bá pé ọdún méjì, a máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ohun tí ó ń mú èyí dàgbà ni pé kí a bá a sọ̀rọ̀, kí a dúró de èsì rẹ̀, kí a sì tún dá a lóhùn. Ẹni tí ó ń pàṣẹ nìkan kò tíì bá ọmọ sọ̀rọ̀. Tẹlifóònù tí a gbé lé ọmọ lọ́wọ́ kí ó lè dákẹ́ a máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í dúró gbọ́ èsì. Ìyá tí ó mọ ogún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ogún náà ni yóò fún ọmọ rẹ̀. Bí ó bá sọ Yorùbá, àwàdà, ìbéèrè, ìkìlọ̀ àti ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọkọ́ àti ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ ni ó ní láti fún un.

A kò sọ èyí láìní ẹ̀rí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ohun gbogbo fún ọdún 6, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ta àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ọdún kẹrin yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ìjọba ṣe. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Tunji Alausa, kéde pé a ti pa ìlànà náà rẹ́, ó ní àwọn agbègbè tí ó ń lo èdè abínibí ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jókòó ṣe WAEC ní 2025 ti jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 2019, kí a tó fọwọ́ sí ìlànà náà rárá. Báwo ni ohun tí kò kan ọmọ ṣe lè jẹ́ kí ó fìdí rẹmi?

Nítorí náà, ilé ni ó kù. Ẹ̀yin àgbẹ̀, bí ẹ bá mú ọmọ lọ sí oko, ẹ máa dárúkọ ohun tí ojú rẹ̀ rí: ebè, poro, ẹ̀gẹ́. Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá ń dáná, ẹ máa wí ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe. Ẹ kì í ní oríkì rẹ̀ ní òwúrọ̀, ẹ pa àlọ́ fún un ní alẹ́. Bí ó bá pe àkàrà ní "kàkà", ẹ má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, àkàrà ni, ó gbóná." Bí ó bá sì pé ọdún méjì tí kò sọ nǹkan, tàbí tí kì í yíjú sí ariwo, ẹ má nà án, ẹ má pè é ní olóríkunkun. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò; àwọn oníṣègùn etí wà ní UCH, nínú ìlú Ìbàdàn wa níhìn-ín.

Àwa kò lòdì sí Gẹ̀ẹ́sì. Kí ọmọ wa gbọ́ ọ, kí ó sì mọ̀ ọ́n kọ. Ṣùgbọ́n orí ìpìlẹ̀ ni a ń kọ́ ilé lé. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìjọba lè pa ìlànà rẹ́ ní Àbújá. Kò sí ìjọba tí ó lè yan èdè tí ẹ óò fi pe ọmọ yín wá jẹun ní alẹ́ òní. Ọwọ́ yín ni èyí wà.