Lọ́tìrì Físà Amẹ́ríkà: Ẹ Jẹ́ Ká Ka Èèyàn Ká Tó Yá Owó



Láti Ọjà'ba títí dé Bẹyẹrunkà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan ti wá bá wa pé àwọn fẹ́ yá owó fi ṣe “lọ́tìrì Amẹ́ríkà”. Ẹnì kan ló sọ fún wọn pé fọ́ọ̀mù ti jáde, pé bí wọ́n bá ti sanwó, ó ti bọ́ sí i. A kò bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ jáde ní yunifásítì tí kò ríṣẹ́, ọ̀nà wo ni kò ní wò? Ṣùgbọ́n igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ní 1990 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin ètò yìí, kí àwọn tó wá láti ilẹ̀ tí èrò rẹ̀ kò pọ̀ lọ́dọ̀ wọn lè rí àyè. Físà bíi 50,000 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ́dún, aya àti ọmọ ẹni tí wọ́n mú sì wà nínú rẹ̀. Nígbà ti DV-2012, fọ́ọ̀mù tó wọlé ju mílíọ̀nù 14 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó ju 280 èèyàn lọ tó ń du físà kan. Àfi bí ẹni kó 280 èèyàn síwájú gbọ̀ngàn Màpó, tó mú ẹyọ kan, tó ní kí ìyókù máa lọ sílé. Ní ọdún 2011 yẹn kan náà, wọ́n sọ fún bíi 22,000 èèyàn pé orúkọ wọn jáde, wọ́n tún fagi lé e nítorí àṣìṣe kọ̀ǹpútà, wọ́n sì tún kèké náà ṣẹ́. Ẹni tó ti ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀ ńkọ́?

Ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ lè wọlé nìyẹn o. Òfin náà ní kí ilẹ̀ tó bá ti rán ju 50,000 èèyàn lọ síbẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún yàgò fún àwọn mìíràn. Láti DV-2015, tí wọ́n kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀ ní 2013, ni ó ti kan Nàìjíríà. Pípọ̀ wa ló tì wá síta. Ìwé ìlànà DV-2026 náà ṣì ka Nàìjíríà mọ́ àwọn tí kò lè kópa. Ibi tí wọ́n bí èèyàn sí ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tó ń gbé. Ọmọ Ìbàdàn tó lọ jókòó sí Kùtọnu kò tíì bọ́. Àyè wà fún ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ tí wọ́n gbà, ṣùgbọ́n mélòó ni irú wọn láàárín wa? Ní December 2025, ìjọba Amẹ́ríkà tún kéde pé àwọn dá ètò náà dúró ná.

Nítorí náà, kèké tí wọ́n ń tà fún yín kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀kan nínú 280. Òfo ni. Fọ́ọ̀mù tó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ gbowó lọ́wọ́ yín.

Èrò tiwa ni pé kí ìgbìmọ̀ má ṣe yá ẹnikẹ́ni lówó fún un. Owó alájẹṣẹ́kù kì í ṣe owó ìjọba. Owó ìyá tó ń ta èlùbọ́ l'Ọ́jà'ba ni, owó télọ̀ Bẹẹrẹ ni. Bí ẹni tó yá a kò bá rí i san, ọrùn onígbọ̀wọ́ ló ń bọ̀. Ẹni tó bá ní ìwé ìgbaniwọlé gidi láti ilé ẹ̀kọ́, kó mú un wá ká jọ kà á; ìyẹn yàtọ̀. Ẹni yòówù kó sì sọ pé òun lè bá yín ṣe é, ẹ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ wa kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ àpò.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ jẹ́ ká dà á síbi tí ẹsẹ̀ wa yóò dé.